Bí Àgbà Bá Ṣubú: Abẹ́rẹ́ tí Ń Dí Ọ̀nà Ìrora Egungun Itan

Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lákòókò òjò, ìyá àgbà kan ní agboolé wa ní Kétu ṣubú, kò sì lè wo iwájú, kò lè wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń lọ, ilẹ̀ sì ń yọ̀. Kì í ṣe orí igi ni ó ti já bọ́, kì í ṣe orí alùpùpù. Láti ìdúró rẹ̀ ni ó ti wó lulẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a fẹ́ gbé e, a rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kúrú ju ti òsì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yí síta bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, a kò ní fi pa mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. A gbé ìyá sí àárín ènìyàn méjì lórí zémìjàn, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń to egungun. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sunkún. Bí a bá bi í pé, "Ìyá, ara ńkọ́?" yóò dá wa lóhùn pé, "A dúpẹ́."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi í ní èdè Faransé bóyá ó ń jẹ̀rora. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní lycée túmọ̀ ìbéèrè náà fún un. Ìyá tún wí pé, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ọmọ náà sì yí i padà sí Faransé pé, "Elle dit que ça va." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora ìyá àgbà ṣe sọnù sí àárín èdè méjì tí àwa, òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ń sọ lójoojúmọ́. Ọmọ náà kò purọ́, ìyá náà kò sì purọ́. Ìkíni ni ìyá gbọ́, ó sì dá a lóhùn bí ọmọlúàbí ti í dá ìkíni lóhùn.

Nítorí ìrora tí ó sọnù yìí ni a ṣe kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó lè mú itan tí ó kán dákẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìjẹ́ pé orí àgbà dàrú. Púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ ọ rí, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ rí kò lè béèrè rẹ̀.

Ibi tí ó kán sí

Egungun itan ni ó gùn jù, òun náà ni ó sì lágbára jù nínú ara ènìyàn. Ní òkè rẹ̀, níbi tí ó ti wọ inú ìbàdí, ó ní ọrùn kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyókù lọ, tí ìwúwo ara sì ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà wa ń pè ní col du fémur. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ sókè, egungun a máa fúyẹ́ nínú, ihò wẹ́wẹ́ a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀ bí i ti afárá oyin. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ni èyí máa ń bá jù. Ìdí nìyí tí ìṣubú kékeré, irú èyí tí ọmọdé yóò kàn gbọn eruku rẹ̀ dànù, fi lè kán egungun àgbà.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: àgbà ṣubú, kò lè dìde, kò lè gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ náà kúrú, ó sì yí síta. Ìrora wà ní ìbàdí tàbí ní abẹ́ ikùn. Nígbà mìíràn ó ń lọ dé orúnkún. Bí ẹsẹ̀ bá ti mira díẹ̀, ẹran itan a sún kì, a sì fa egungun méjèèjì tí ó yapa lu ara wọn. Ìyẹn ni pé àgbà tí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lè wí pé kò burú, nítorí pé kò mira. Ẹ fẹ́ mọ òtítọ́? Ẹ wò ó nígbà tí a bá ń yí i padà tàbí tí a bá ń pààrọ̀ aṣọ tí ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ìrora ń fà lẹ́yìn

Ní àṣà wa, ìfaradà jẹ́ iyì àgbà. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu iyì náà. Ṣùgbọ́n ìrora egungun itan kì í dá nìkan rìn. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù láti mira kò ní mí délẹ̀, kò ní wúkọ́ dáadáa, àyà rẹ̀ a sì gba àrùn. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sójú kan, egbò a yọ sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í jẹun, kì í mu omi tó, nítorí pé ó mọ̀ pé bí òun bá mu ún, a óò gbé òun láti tọ̀.

Èyí tí ó burú jù lójú àwa ará ilé ni pé ọkàn àgbà lè pòrúùru. Ní alẹ́ kejì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ tí ó ti kú láti ọdún pípẹ́. Ó ń ka iye iṣu tí ó wà nínú àká. Ó ń lé ẹni tí kò sí nínú yàrá. Ẹnìkan wí pé ó ti ń ṣarán. Ẹlòmíràn sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé ọwọ́ ayé ni. Díẹ̀ ló kù kí a gbé e kúrò níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Kò ṣarán, kò sì sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe é ní orúkọ nínú ìṣègùn, délirium tàbí syndrome confusionnel, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà tí egungun itan wọn kán. A máa dé lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. A máa le lóru, a sì rọ̀ lójúmọmọ. Ìrora tí a kò tọ́jú wà lára ohun tí ń fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àìsùn, òǹgbẹ, àrùn inú ara, àti àwọn oògùn kan. Bí a bá tún ohun tí ó fà á ṣe, ọ̀pọ̀ a máa padà bọ̀ sípò.

Oògùn tí a ń sáré mú

Paracétamol ni a kọ́kọ́ ń fún ẹni tí egungun rẹ̀ kán, ó sì tọ̀nà, bí kò bá ti ju ìwọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kì í sábà tó. Diclofénac àti ibuprofène tí a ń rà lọ́jà lè ba kíndìnrín àgbà jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ikùn rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Tramadol tí a ń tà lọ́wọ́-lọ́wọ́ lè mú kí orí àgbà dàrú, kí ó máa bì, tàbí kí gìrì mú un. Morphine lágbára, ó sì wúlò lọ́wọ́ dókítà; ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń fún àgbà sí i, bẹ́ẹ̀ ni oorun àti ìpòrúùru ọkàn ṣe ń súnmọ́ ọn, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, tí èémí rẹ̀ sì lè rẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi wá ọ̀nà mìíràn: dípò kí oògùn lọ sí gbogbo ara, kí ó dúró sí itan nìkan.

Bí a ṣe ń dí ọ̀nà náà

Ìrora kì í jókòó sínú egungun. Iṣan ìmọ̀lára, tí Faransé ń pè ní nerf, ni ó ń gbé ìròyìn rẹ̀ gba inú itan lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, àti láti ibẹ̀ dé ọpọlọ. Bí a bá dí ọ̀nà láàárín Kétu àti Pobè, ọkọ̀ tí ó gbéra ní Kétu kò ní gba ibẹ̀ dé Àjàṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù ṣì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Morphine ń lọ bá onílé, ó ń mú kí etí rẹ̀ di. Abẹ́rẹ́ yìí ń dá ońṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà, onílé sì jókòó pẹ̀lú làákàyè rẹ̀ pípé. Ẹni tí a ti yọ eyín fún rí mọ irú rẹ̀: oníṣègùn eyín gún abẹ́rẹ́ sí èrìgì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú tìpìrì, ṣùgbọ́n ojú là kedere.

Èyí tí a ń lò jù fún egungun itan ni bloc ilio-fascial. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, dókítà Bernard Dalens, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1989, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn rí i pé ó yẹ àgbà pẹ̀lú.

Àgbà á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí pé à ń yí i. Dókítà á fi ọwọ́ wá ṣóńṣó egungun ìbàdí níwájú, á sì wá egungun abẹ́ ikùn. Á fa ìlà láàárín méjèèjì, á pín in sí mẹ́ta. Níbi tí ìdá ti ìta ti pàdé ìdá àárín, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 sísàlẹ̀, ni abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti sí iṣan ìmọ̀lára fúnra rẹ̀, èyí sì dín ewu kù. Abẹ́rẹ́ náà á já awọ inú ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọwọ́ dókítà á sì mọ̀ ọ́n lára bí ó ti ń já wọn. Lábẹ́ awọ kejì ni yóò ti tú oògùn sílẹ̀, nǹkan bí mílílítà 30 sí 40, kí ó lè tàn dé ibi tí àwọn iṣan ìmọ̀lára itan ń gbà. Níbi tí ẹ̀rọ échographie bá wà, irú èyí tí a fi ń wo oyún, dókítà á máa fi ojú rí ibi tí abẹ́rẹ́ dé.

Oògùn tí a ń lò kì í ṣe ohun àjèjì: lidocaïne, bupivacaïne tàbí ropivacaïne. Ọdún 1943 ni Nils Löfgren ti kọ́kọ́ ṣe lidocaïne ní Sweden. Lidocaïne àti bupivacaïne wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS. Ó sì ṣeé ṣe láti gún abẹ́rẹ́ náà láìsí ẹ̀rọ échographie. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó wà ní ìlú ńlá nìkan. Ohun tí ó ń fẹ́ jù ni ọwọ́ tí a ti kọ́, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2007, Foss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 48 tí egungun ìbàdí wọn kán. Wọ́n fún apá kan ní abẹ́rẹ́ itan yìí, wọ́n sì fún apá kejì ní abẹ́rẹ́ morphine. Àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ itan ní ìtura jù, yálà wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tàbí a gbé ẹsẹ̀ wọn. Oorun oògùn kò sì gbé wọn bí ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ Cochrane, tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ káàkiri ayé, yẹ ìwádìí 49 wò, tí ènìyàn 3061 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìrora ìgbà tí a bá mira dín kù ní nǹkan bí 2.5 lórí òṣùwọ̀n tí ó lọ láti 0 dé 10. Wọ́n tún rí i pé ìpòrúùru ọkàn dín kù: bí a bá gún abẹ́rẹ́ náà fún àgbà 12, ẹyọ kan nínú wọn yóò bọ́ lọ́wọ́ ìpòrúùru tí ì bá dé bá a. Àrùn àyà náà dín kù. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń dín ikú kù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín.

Ohun tí kò lè ṣe, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Abẹ́rẹ́ yìí kì í to egungun. Iṣẹ́ abẹ ni ó sábà ń tún un ṣe; bí ó bá sì yá, ó sàn. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2011 ní kí iṣẹ́ abẹ náà wáyé ní ọjọ́ tí àgbà dé tàbí ní ọjọ́ kejì. Níbi tí owó tàbí irin iṣẹ́ bá dá a dúró, ìtura itan ṣe pàtàkì sí i, nítorí pé ọjọ́ ìrora gùn. Oògùn náà lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, nígbà mìíràn ju wákàtí 12 lọ. Dókítà sì lè tún un gún. Ó tún ń jẹ́ kí ó rọrùn láti gbé àgbà jókòó fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, rachianesthésie, nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá dé.

Ó ní ewu tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu náà kò wọ́pọ̀. Bí oògùn púpọ̀ bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ètè lè máa yún aláìsàn, etí lè máa hó o, gìrì lè mú un, ọkàn rẹ̀ sì lè dúró. Nítorí èyí ni dókítà fi ń ṣírò oògùn sí ìwúwo ara, tí ó ń fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí ó sì ń tẹjú mọ́ aláìsàn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ kiri ilé. Ẹ sọ fún dókítà bí àgbà bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ó bá ti ní ìṣòro pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìpara-kú rí, tàbí bí egbò bá wà ní ibi tí a fẹ́ gún.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ náà á wúwo, kò sì ní mọ nǹkan. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, nítorí pé kò ní mọ̀ bí ó bá bó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá dìde. Ẹ máa wo gìgísẹ̀ rẹ̀ kí egbò má baà yọ níbẹ̀.

Iṣẹ́ àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì

A bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń to egungun. Ọ̀pọ̀ apá àti ẹsẹ̀ ọmọdé ni wọ́n ti tò. Ṣùgbọ́n ọrùn egungun itan fi ara pamọ́ sábẹ́ ẹran, igi àti ọ̀já kò lè mú un, ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ orí egungun náà sì lè ti já. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kí ẹ má ṣe gbé e sórí zémìjàn: ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí ibùsùn tí kò rọ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò lè dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé, ọ̀rọ̀ kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bi àgbà pé, "Ara ńkọ́?" Ìkíni nìyẹn. Ẹ na ìka mẹ́wàá sí i, kí ẹ ní, "Bí kò bá dùn yín rárá, ẹ má ká ìka kankan, bí ó bá jẹ́ ìrora tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ ká mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tí wọ́n yí yín padà, ìka mélòó ni?" Iye tí ó bá kà ni kí ẹ sọ fún dókítà, kì í ṣe "ça va". Kí ẹ wá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Docteur, est-ce qu'on peut lui faire un bloc pour la douleur ?" Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò sọ fún yín, wọn yóò sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe dípò rẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní kí a wo ìrora àgbà bí ó bá ti dé, kí a tún wò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, kí a sì máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rọlẹ̀. Ẹ̀yin náà lè bá wọn kà á.

Ní ti ìyá wa, ní ọjọ́ kẹta rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka ìka fún un. Ìyá ká mẹ́sàn-án, ó sì yí ojú sí ògiri. Ọmọ náà sáré lọ bá dókítà anesthésie, ẹni tí ó wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kí oògùn tó pé wákàtí kan, ìyá ní kí a bu ẹ̀kọ fún òun. Orí rẹ̀ kò mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gba ọjọ́ méjì sí i kí ó tó dẹ́kun kíka iṣu. Lẹ́yìn náà ni a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nísinsìnyí, ó ń fi ọ̀pá rìn dé iwájú ilé.

Bí ẹ bá kí i pé ara ńkọ́, yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì na ìka mẹ́wàá sí i.